Ọjọ́ kan ní Venice pẹ̀lú ìyá tí orúnkún ń yọ lẹ́nu: ṣé kí ẹ lọ?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Ítálì ní ìparí oṣù kẹwàá, a sì fẹ́ fi ọjọ́ kan wo Venice. Hòtẹ́ẹ̀lì tí agbára wa ká wà ní Mestre, ìgboro tó wà lórí ilẹ̀ ní òdìkejì omi. Àwọn tó ti débẹ̀ ní omi ìlú náà ń rùn, pé ìkún omi lè ká wa mọ́ ibẹ̀, pé a máa sanwó kí wọ́n tó jẹ́ ká wọ̀lú, àti pé ẹni tí kò bá wọ gondola, ọkọ̀ tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, kò tíì dé Venice. Màmá ti pé ọdún 68, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣé ká lọ, àbí ká fi owó yẹn ṣe nǹkan mìíràn?”

Àbúrò mi, ẹ lọ. Ohun mẹ́rin tí wọ́n kó sí ọ létí yìí, òótọ́ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá ìrìnàjò tiyín mu bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn. Ohun tó yẹ kó jẹ ọ́ lógún ni èyí tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ, ìyẹn orúnkún Màmá. Venice ní afárá tó lé ní 400, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì jẹ́ pé wàá gun àtẹ̀gùn gòkè, wàá sì tún fi àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Ẹni tó mọ ibùdó ọkọ̀ tó yẹ kó ti sọ̀ lè fi gbogbo ọjọ́ wo ìlú náà kó má gun ju afárá méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ti gun ogún kí oòrùn tó kan àtàrí. Ibi tí ẹ bá sọ̀ sí àti wákàtí tí ẹ bá débẹ̀ ló máa sọ bóyá Màmá á gbádùn ọjọ́ náà tàbí wọn ò ní gbádùn rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìlú náà ṣe jókòó. Ọ̀pọ̀ rò pé etí omi ni Venice wà, àmọ́ àárín ọ̀sà gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, lórí erékùṣù kéékèèké bíi 118 tí afárá so pọ̀ mọ́ra. Títí di ọdún 1846 tí afárá rélùwéè dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn wọ̀ ọ́. Ọdún 1933 ni ti mọ́tò tẹ̀ lé e. Títí dòní, mọ́tò kì í kọjá gbàgede Piazzale Roma, rélùwéè náà kì í kọjá ibùdó Santa Lucia. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi ni: ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó ilẹ̀ ìdọ̀tí, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó bíríkì tí wọ́n fi ń kọ́lé. Kànáàlì ńlá tí wọ́n ń pè ní Canal Grande yí kọ́lọkọ̀lọ la ìlú náà já, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3.8, afárá mẹ́rin péré ló sì kọjá lórí rẹ̀. Nítorí náà, má ṣe ka ọkọ̀ akérò ojú omi, ìyẹn vaporetto, sí ìgbádùn àfikún. Òun ni ẹsẹ̀ Màmá lọ́jọ́ yẹn.

Láti Mestre, rélùwéè ni gbogbo èèyàn á sọ pé kí ẹ wọ̀, torí ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá péré ni. Kò burú, ibùdó ọkọ̀ omi tí wọ́n ń pè ní Ferrovia wà níwájú Santa Lucia. Ṣùgbọ́n ní tiyín, bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 2 láti iwájú ibùdó rélùwéè Mestre, tàbí ọkọ̀ tram T1 láti àárín Mestre, sàn jù. Piazzale Roma ni àwọn méjèèjì ń parí sí, ibẹ̀ náà sì ni vaporetto Line 1 ti ń gbéra, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ máa bá àga tó ṣófo. Ní Ferrovia, tó jẹ́ ibùdó tó tẹ̀ lé e, èrò á ti kún inú ọkọ̀, Màmá lè dúró fún ìṣẹ́jú ogójì. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ti vaporetto jẹ́ yúrò 9.50 lọ́dún 2025, ìṣẹ́jú 75 péré ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ti wákàtí 24 jẹ́ yúrò 25, ó kó bọ́ọ̀sì àti tram ti Mestre mọ́ ọn, àmọ́ kò kó rélùwéè àti ọkọ̀ pápákọ̀ òfurufú. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ti wákàtí 24 ni kí ẹ rà, tìyá tọmọ, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi í kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ibùdó kí ẹ tó wọlé, àti ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún fẹ́ wọ ọkọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi kàn án ni wákàtí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò fi kan ẹ̀rọ máa san owó ìtanràn bíi ẹni tí kò rà rárá.

Ibi tí ìmọ̀ ti wúlò jù nìyí: kì í ṣe gbogbo ibùdó tó sún mọ́ ibì kan ló ṣeé gbà débẹ̀ láìgun afárá. Fún gbàgede San Marco, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ̀ ní San Zaccaria nítorí pé ọkọ̀ púpọ̀ ń dúró níbẹ̀, afárá Ponte della Paglia sì wà láàárín ibẹ̀ àti ààfin Doge, olórí ìlú náà láyé àtijọ́, èrò tó ń ya fọ́tò á sì há gádígádí lórí rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. San Marco Vallaresso ni kí ẹ sọ̀ sí. Láti ibẹ̀, ẹ gba ọ̀nà tóóró tó kọjú síbùdó náà títí dé ìparí rẹ̀, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ ti dé gbàgede láìgun àtẹ̀gùn kankan. Fún ọjà ẹja Rialto, Rialto Mercato ni kí ẹ sọ̀ sí, kì í ṣe Rialto, torí Canal Grande ló la àwọn méjèèjì. Àárọ̀ ni ọjà náà, wọn kì í sì í tajà lọ́jọ́ Sunday àti Monday. Ibùdó Ca’ Rezzonico á gbé yín dé gbàgede San Barnaba láìsí afárá. Ìbùdó Zattere náà tẹ́jú: bí ẹ bá rìn díẹ̀ létí omi, tí ẹ wá yà sí ojú ọ̀nà Fondamenta Nani, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń tún gondola ṣe ní San Trovaso ní òdìkejì kànáàlì, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò rẹ̀. Ibùdó wọ̀nyí ń léfòó lórí omi, afárá pẹlẹbẹ kékeré ló so wọ́n mọ́ ilẹ̀. Bí omi bá fà, pẹlẹbẹ náà á dàgẹ̀rẹ̀, ẹ di ọwọ́ Màmá mú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkún omi ni àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù. Òkun Adriatic ń wọ inú ọ̀sà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fà padà lẹ́ẹ̀mejì. Bí omi tó ń wọlé bá ṣe kòńgẹ́ atẹ́gùn sirocco tó ń ti omi bọ̀ láti gúúsù, omi á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, oṣù kọkànlá ló sì le jù: ti ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966 ga tó sẹ̀ǹtímítà 194, ti ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2019 tó 187. Ẹni tó bá gbọ́ 187 á rò pé omi bo èèyàn mọ́lẹ̀ láàárín ìgboro. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n omi òkun ti ọdún 1897 ni wọ́n fi ń ṣe òdo, kì í ṣe ojú ọ̀nà tí ẹ̀ ń tẹ̀. Gbàgede San Marco, tó wà lára ibi tó rẹlẹ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù ní nǹkan bíi 80. Bí wọ́n bá kéde 100, omi ibẹ̀ á mu yín dé kókósẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú ṣì gbẹ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n ti ń lo MOSE, ilẹ̀kùn irin 78 tó sùn sábẹ́ omi ní ẹnu ibodè mẹ́ta tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà. Omi ló wà nínú wọn nígbà tí wọ́n bá sùn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé wọn, atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́ sínú wọn, omi á jáde, ilẹ̀kùn á dìde dí ẹnu ibodè náà. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé omi á tó nǹkan bíi 110 ni wọ́n ń gbé e. Nítorí náà, ìkún omi bíi ti 2019 yẹn ò tún wọ̀lú mọ́.

Èyí tó kù tó lè bá yín ni èyí tó wà láàárín 80 sí 110, èyí tí wọn kì í gbé ilẹ̀kùn fún. San Marco àti àwọn ibi tó rẹlẹ̀ bíi tirẹ̀ ló máa ń dà láàmú, kì í sì í ju wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ kó tó fà. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ tí iléeṣẹ́ ìjọba ìlú náà tó ń mójú tó omi, Centro Maree, máa ń gbé jáde. Wákàtí tí omi á ga jù wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ fi San Marco sí ọ̀sán. Pákó gíga ni wọ́n máa ń tò sójú ọ̀nà fún àwọn èèyàn láti gbà kọjá, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gbé Màmá gba orí rẹ̀: kò ní ohun ìdìmú, kò fẹ̀, èrò ń tini lẹ́yìn.

Ti òórùn ńkọ́? Ìlú àtijọ́ náà kò ní ihò ìgbẹ́ abẹ́ ilẹ̀ bíi ti ìlú òde òní. Omi ìdọ̀tí ilé, lẹ́yìn tí ó bá ti inú àpótí ìgbẹ́ kọjá ní àwọn ilé tó ní in, ń ṣàn sínú kànáàlì, òkun tó ń wọlé tó ń fà padà ló sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Ìgbà ooru gbígbóná, tí atẹ́gùn ò fẹ́, ni òórùn fi ń jáde, àti ìgbà tí omi bá fà jù nínú oṣù kìíní àti ìkejì tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yọ síta. Ní ìparí oṣù kẹwàá, iyọ̀, ewé òkun àti èéfín ọkọ̀ ni ẹ ó máa gbọ́ òórùn wọn. Bí ẹ bá ti jókòó nínú Line 1, ẹ má wo òkè ilé nìkan bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Ẹ máa rí ewéko ṣíṣú tó lẹ̀ mọ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà; ibi tó dé lókè ni omi ń dé lójoojúmọ́. Lókè rẹ̀ ni òkúta funfun tí wọ́n gbé wá láti Istria, tí omi ò lè gbà kọjá, wà. Lókè òkúta ni bíríkì pupa, ẹ ó sì rí ibi tí iyọ̀ ti jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, nítorí pé omi ti ń ga ju òkúta náà lọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sí àkókò yìí. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni èèkàn igi tí wọ́n gún wọ inú ẹrẹ̀ wà. Igi náà kò jẹrà bọ̀rọ̀ nítorí pé atẹ́gùn ò dé ibi tó wà. Afárá Rialto tí wọ́n parí lọ́dún 1591 dúró lórí irú èèkàn bẹ́ẹ̀ tó tó nǹkan bíi 12,000. Ìsàlẹ̀ ògiri wọ̀nyẹn kọ́ni ní ohun tó pọ̀ ju ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù lọ.

Owó ìwọ̀lú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kàn yín. Ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 54 ni wọ́n fi gbà á, gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: yúrò 5 fún ẹni tó tètè sanwó, 10 fún ẹni tó bá sún un di ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Àwọn tó bá sùn ní Mestre pàápàá kì í san án, torí abẹ́ ìjọba ìlú Venice ni Mestre wà, tí wọ́n á sì ti san owó orí àlejò fún hòtẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbà á, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó débẹ̀ pé òun ò ní san. Ọdọọdún ni wọ́n ń kéde ọjọ́ tuntun, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbéra.

Gondola kì í ṣe dandan. Iye tí ìjọba ìlú fọwọ́ sí láti ìparí ọdún 2023 ni yúrò 90 fún ìṣẹ́jú 30 lọ́sàn-án, 110 fún ìṣẹ́jú 35 láti aago méje alẹ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe èèyàn. Èèyàn márùn-ún ló lè wọ̀ ọ́, iye kan náà ni ẹ̀yin méjì á sì san. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bá atukọ̀ náà sọ iye àti ọ̀nà tó máa gbà kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ ní ẹ̀bá kànáàlì kékeré. Ní iwájú San Marco, ìgbì àwọn ọkọ̀ ńlá á máa jù yín sókè sódò. Fún Màmá, wíwọlé àti jíjáde ni ìṣòro: àtẹ̀gùn tó tutù, ọkọ̀ tó ń mì. Atukọ̀ á di ọwọ́ wọn mú, ṣùgbọ́n orúnkún á tẹ̀ dáadáa. Ní San Trovaso, ẹ wo gondola tó bá wà lórí ilẹ̀ dáadáa: apá òsì rẹ̀ fẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi àjẹ̀ kan wà á, láti apá ọ̀tún. Bí ìhà méjèèjì bá dọ́gba, yíyí ni ọkọ̀ á máa yí.

Ẹ máa ṣìnà, kò sì burú, bí kò bá ti jẹ́ pé ẹ̀ ń wá ibi kan pàtó. Àdúgbò mẹ́fà ni ìlú náà pín sí, nọ́ńbà ilé sì ń tò káàkiri àdúgbò kan pátá títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kì í ṣe ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àdírẹ́sì bíi “Castello 4200” kò lè sọ ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ gbàgede àti ibùdó ọkọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ni kí ẹ béèrè. Fóònù pàápàá máa ń ṣini lọ́nà láàárín ọ̀nà tóóró, ògiri gíga ń dí i lọ́wọ́. Àmì aláwọ̀ ìyẹ́yẹ̀ tí wọ́n kọ “Per Rialto” tàbí “Per S. Marco” sí lára ògiri dára ju máàpù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà afárá ni wọ́n ń júwe, nítorí náà tí orúnkún bá ti ń dun Màmá, ibùdó ọkọ̀ tó sún mọ́ jù ni kí ẹ padà sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ Mestre. Mestre tẹ́jú, hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sábà máa ń ní ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹ ò sì ní gbé àpótí gun afárá. Àléébù rẹ̀ ni wákàtí. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tó ń wá fún ọjọ́ kan péré ń ya wọlé, sínú ìlú àtijọ́ tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò tó 50,000 mọ́. Ẹni tó bá ti Venice bọ̀ tó ń sọ pé kò sí àyè láti mí, ìgbà yẹn ló lọ. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sun alẹ́ ọjọ́ kan péré nínú ìlú náà, kí ẹ lè rí i ní aago méje àárọ̀ àti mẹ́sàn-án alẹ́. Bí owó ò bá gbà, ẹ dúró sí Mestre, kí ẹ wà nínú Line 1 kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ wo San Marco ṣáájú, ẹ jókòó níbi tó tura lọ́sàn-án, kí ẹ tún wọ ọkọ̀ náà padà nígbà tí iná bá ti tàn. Ẹ gbàgbé erékùṣù Murano àti Burano. Burano nìkan, láti Fondamente Nove, tó ìṣẹ́jú ogójì sí márùndínláàádọ́ta ní àlọ, ọjọ́ kan ò gbà á. Ẹ tún sá fún Sunday kẹrin oṣù kẹwàá, ọjọ́ eré ìje Marathon ìlú náà: wọ́n máa ń tẹ́ afárá onígbà díẹ̀ sórí Canal Grande fún àwọn sárésáré, ọkọ̀ omi ò sì ní rìn bó ṣe ń rìn.

Tíkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí ti ṣọ́ọ̀ṣì San Marco ni kí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ìlà ibẹ̀ ni yóò pa orúnkún yẹn. Ẹ bo èjìká àti orúnkún, ẹ má gbé àpò ńlá lọ. Ilé agogo tó kọjú sí i ga tó nǹkan bíi mítà 98, ẹ̀rọ ló sì ń gbé èèyàn gòkè, kò sí àtẹ̀gùn fún Màmá. Ìjókòó ọ̀fẹ́ ò wọ́pọ̀, wọ́n sì ń fi ìtanràn mú ẹni tó bá jókòó sílẹ̀ ní San Marco láti jẹun. Iye kọfí tí ẹ bá mu lóòró nídìí káńtà kéré sí èyí tí ẹ bá jókòó mu. Ẹ wo méjèèjì lára pátákó kí ẹ tó pè é, pàápàá ní gbàgede náà, níbi tí wọ́n tún máa ń fi owó orin kún un. Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ní àwọn gbàgede ṣeé mu, ẹ gbé ìgò dání.

Mi ò rí orúnkún Màmá, mi ò sì lè sọ iye àtẹ̀gùn tí wọ́n lè gùn. Dókítà wọn ló lè sọ ìyẹn. Bó bá ní kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n máa lò, àwọn ibùdó tí mo dárúkọ yìí ṣì wúlò, ṣùgbọ́n ẹ fi ìrìn tó kọjá wọn sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá sì pinnu láti sun inú ìlú, ẹ kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ béèrè ohun méjì: afárá mélòó ló wà láàárín ibùdó vaporetto àti ẹnu ọ̀nà yín, ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà. Bí ìdáhùn kìíní bá ju òdo lọ, tàbí tí wọ́n ní ìkejì ò sí, ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn.